Bàbá Àwọn Ọmọ Mi Ti Ogun Dé, Wọn Kì Í Sùn

Ìbéèrè

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Maryland ni à ń gbé. Bàbá àwọn ọmọ mi wọ iṣẹ́ sójà Amẹ́ríkà ní 2004, wọ́n sì lò ju ọdún kan lọ ní Balad, ní Iraq, láàárín 2006 sí 2007. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, oorun kò kun ojú wọn mọ́. Wọ́n ń wúkọ́, àyà wọn ń dún bí fèrè lóru, dókítà sì ti ní ikọ́ fée ni. Bí ọmọ bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, wọ́n á fò dìde. Ìbọn wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ní 2019 wọ́n kọ̀wé béèrè owó àìlera nítorí ọ̀rọ̀ àyà yẹn, èsì dé pé kò sí ẹ̀rí pé iṣẹ́ ológun ló fà á. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní àwọn kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́, pé àwọn tó kú sí Iraq ló yẹ kí ìjọba ro tiwọn, kì í ṣe ẹni tó ṣì lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣé ọ̀nà ṣì wà?"

Ìdáhùn

Ìyàwó wa, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú àìsùn. Ọ̀nà wà, kò sì mọ ní ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀rọ̀ owó àti ìwé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yẹn.

Nínú gbogbo lẹ́tà yín, ìbọn tó wà nítòsí ẹni tí kì í sùn ló ká mi lára jù. Nínú àwọn ológun àtijọ́ tó ń fọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn ní Amẹ́ríkà, bíi méje nínú mẹ́wàá ló jẹ́ pé ìbọn ni wọ́n lò. N kò sọ pé ohun tó wà lọ́kàn ọkọ yín nìyẹn. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń ya wọlé lójijì, ó sì máa ń kọjá. Bí ọwọ́ kò bá tètè tó ìbọn ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn, ẹni náà á jí lọ́jọ́ kejì. Ilé ìwòsàn VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ológun àtijọ́, ń fún wọn ní àgádágodo ìbọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn béèrè ni. Ọ̀sán ni kí ẹ bá a sọ ọ́, nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹ má ní kó gbé ìbọn rẹ̀ kúrò nílé, ẹ ní, "Ẹ jẹ́ ká tì í pa nítorí àwọn ọmọ." Títi ìbọn pa kì í ṣe ìtìjú fún sójà, ara ohun tí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ ni.

Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ọ̀rọ̀ sì le, nọ́mbà ìrànlọ́wọ́ 988 ni kí ẹ pè, kí ẹ wá tẹ 1. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Ẹ̀yin fúnra yín lè pè é, kò dìgbà tí òun bá gbà kó tó di pé ẹ pè. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ológun àtijọ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú irú ewu yìí lè wọ ilé ìwòsàn yòówù tó bá sún mọ́ ọn, ì báà jẹ́ ti VA tàbí òmíràn, ìjọba á san án: títí dé 30 ọjọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, àti 90 ọjọ́ tó bá ń ti ilé lọ gbàtọ́jú. Kò pọn dandan pé kí orúkọ rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ VA tẹ́lẹ̀.

Ó yá, ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. VA tí à ń pè bí ẹni pé ilé kan ni, ẹ̀ka mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan ń ṣe ìtọ́jú aláìsàn, ọ̀kan ń pinnu ẹni tí yóò gba owó àti iye tí yóò gbà, ìkẹta ń bójú tó itẹ́ òkú àwọn ológun. Ẹ̀ka owó ló kọ̀wé sí ọkọ yín ní 2019. Ẹ̀ka ìtọ́jú kò sọ ohunkóhun. Ọkọ yín ka lẹ́tà kan, ó sì gbà pé gbogbo ilẹ̀kùn ló ti tì. Bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe ń jókòó ti àìsàn nílé fún ọdún márùn-ún, mẹ́wàá, nìyẹn, tí wọ́n ń retí kí ẹ̀ka owó gbà kí wọ́n tó lọ rí dókítà. Wọn ò gbọ́dọ̀ retí rẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, ẹnikẹ́ni tó bá sìn ní Iraq, tí wọn kò fi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lé kúrò níṣẹ́, lè forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú láìkọ́kọ́ béèrè owó rárá. Fọ́ọ̀mù 10-10EZ ni, pẹ̀lú ìwé DD-214 tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá ti wọlé, wọ́n á bi í ní ìbéèrè ráńpẹ́ nípa èéfín àti májèlé tó ti fà símú. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ohun tó bá sọ níbẹ̀ á wà nínú fáìlì rẹ̀ títí ayé.

Bó bá sì ní òun ò ní tẹ ilé ìwòsàn ìjọba kankan, Vet Center ń bẹ. Ọdún 1979 ni ìjọba dá a sílẹ̀ nítorí àwọn tó ti Vietnam dé, tí wọn kò fẹ́ fojú kan ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ funfun. Wọ́n ti tó nǹkan bí 300 káàkiri báyìí. Ọ́fíìsì kékeré láàárín àdúgbò ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn níbẹ̀ ti lọ sógun rí fúnra wọn, kọ́bọ̀ kan wọn kì í gbà. Ohun tó bá sọ níbẹ̀ kì í kọjá sí ilé ìwòsàn VA tàbí sí ọwọ́ iléeṣẹ́ ológun láìṣe pé ó fọwọ́ sí i, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ẹ̀yin pẹ̀lú lè lọ jókòó níbẹ̀ sọ tẹnu yín. Èmi ìbá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ fún ọkùnrin bíi tirẹ̀.

Nípa àìsùn àti ìfòyà yẹn, dókítà ni yóò sọ bóyá PTSD ni, ìyẹn àìsàn ọkàn tí ohun ẹ̀rù tí ojú ẹni ti rí máa ń fà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ ọ́ gan-an. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní shell shock ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì kà sí ojo nítorí rẹ̀. Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ tó kọ orúkọ PTSD sínú ìwé wọn. Kì í ṣe àìsàn tí wọ́n kàn ń fi oògùn oorun bò mọ́lẹ̀. Ìtọ́jú kan wà tí ẹni náà á ti máa sọ ọjọ́ burúkú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún onímọ̀ kan, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀marùn-ún, títí ọjọ́ náà á fi di ohun tó ti kọjá nínú ara rẹ̀. Òmíràn wà tó ń yẹ èrò inú ẹni wò, irú bíi "èmi ni mo fà á tí ó fi kú." Bí oṣù mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń gbà. Ó nira, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ lè dà bíi pé ara tún burú sí i. Kí ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kó má bàa sá níbi tó ti fẹ́ẹ́ bọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀rọ̀ owó. Bóyá ohun tí wọ́n kọ ní 2019 bá òfin ìgbà yẹn mu, n kò lè sọ, ṣùgbọ́n òfin ìgbà yẹn ti yí padà. Ní Balad, kòtò kan wà tó gbòòrò ju pápá bọ́ọ̀lù mélòó kan lọ. Gbogbo pàǹtí ibùdó ni wọ́n ń dà síbẹ̀: ike, bátìrì, táyà, ìdọ̀tí ilé ìwòsàn. Epo ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń tan iná sí i, iná náà kì í kú. Èéfín dúdú ń gba orí àgọ́ tí àwọn ọmọ yìí ń sùn sí kọjá, wọ́n ń jẹun nínú rẹ̀, wọ́n ń sáré àárọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, òfin ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀rí hàn pé èéfín yẹn gan-an ló bà á lẹ́dọ̀fóró jẹ́. Ta ni yóò rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n fọwọ́ sí òfin PACT Act, tó ń jẹ́ orúkọ Heath Robinson, sójà Ohio kan tó sìn ní Iraq, tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì pa ní 2020. Òfin náà ní: bí ẹnì kan bá sìn ní Iraq láti 1990 wá síhìn-ín, tí àìsàn kan nínú ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n dárúkọ bá mú un, kí ìjọba gbà pé iṣẹ́ ológun ló fà á, kó má bi í léèrè ẹ̀rí mọ́. Ikọ́ fée tí dókítà rí lẹ́yìn tó kúrò níṣẹ́ wà lára wọn. Bronchitis tí kì í tán (ọ̀nà èémí tó wú), sinusitis tí kò lọ (inú imú tó wú), àti oríṣiríṣi jẹjẹrẹ náà wà níbẹ̀.

Nítorí náà, fọ́ọ̀mù 20-0995 ni kí ọkọ yín kọ fún ọ̀rọ̀ àyà. Fọ́ọ̀mù ẹni tí wọ́n ti dá ìbéèrè rẹ̀ padà rí ni. Kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nítorí PACT Act ni, kó sì fi ìwé dókítà tó sọ pé ikọ́ fée ni mọ́ ọn. Àti o, bó bá ń lo oògùn àfàsẹ́nu, kó rí i dájú pé dókítà ló ń kọ ọ́ fún un, tó sì wà lákọsílẹ̀. Ẹni tí oògùn àfàsẹ́nu ikọ́ fée bá wà lákọsílẹ̀ pé ó ń lò lójoojúmọ́ sábà máa ń wà ní 30%, ìyẹn ìdá àìlera tí VA fi ń mọ iye owó tí yóò san fún ènìyàn. Ẹni tó ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kò ní nǹkan kan láti fi hàn.

PTSD yàtọ̀. Kò tíì béèrè nítorí rẹ̀ rí, òfin tuntun yẹn kò sì kàn án, nítorí náà ìbéèrè tuntun ni: fọ́ọ̀mù 21-526EZ. Àmọ́ kó kọ́kọ́ fi 21-0966 ránṣẹ́ lónìí, ìwé kékeré tó kàn ń sọ pé òun fẹ́ béèrè. Ó ní odidi ọdún kan láti parí ìyókù, bí wọ́n bá sì gbà, ọjọ́ tí ìwé kékeré yẹn dé ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá: kí àìsàn náà wà lára rẹ̀ báyìí, kí nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí onímọ̀ sì so méjèèjì pọ̀. Kò nílò ẹlẹ́rìí tó dúró tì í nígbà tí bọ́ǹbù ń balẹ̀. Láti 2010, bí ohun tó ń bà á lẹ́rù bá jẹ́ ìkọlù ọ̀tá, tí ibi tó ti sìn sì bá ohun tó sọ mu, ẹnu rẹ̀ tó, bí dókítà VA bá ti gbà á pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pè é fún àyẹ̀wò. Ibí gan-an ni mo ti máa ń rí i tí ọwọ́ àwa Yorùbá ń bọ́. Dókítà á wọlé, á bi í bí ara ti rí. Ọmọ wa á rẹ́rìn-ín, á ní dáadáa ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lójú tiwa ìkíni ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó pàápàá á kọ́kọ́ ní a dúpẹ́. Dókítà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbọ́ ló kọ: ara aláìsàn le. Ṣé ó ń sùn? "Mò ń gbìyànjú." Ṣé inú máa ń bí i? "Kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀." Ó jókòó bí sójà, ẹ̀yìn rẹ̀ gún, bàtà rẹ̀ ń dán. Mo rántí ọkùnrin kan tó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, tó ní ó lọ dáadáa. Mo ní ṣé ó sọ fún wọn pé inú ọkọ̀ ló ń sùn láti oṣù mẹ́rin? Ó wo ilẹ̀. Ó ní wọn ò béèrè.

Kí ọkọ yín kọ ọjọ́ tó burú jù nínú oṣù tó kọjá sórí ìwé, kó mú un dání lọ, kó sì kà á jáde. Kó má fi kún un, nítorí irọ́ kan á ba òtítọ́ mẹ́wàá jẹ́, ó sì lè di ẹjọ́. Kó má sì fi "a dúpẹ́" bò ó.

Ìṣirò wọn máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n ṣe é lójú yín. Ká ní wọ́n fún un ní 50% lórí PTSD àti 30% lórí ikọ́ fée. Kì í ṣe 80 o. Ènìyàn pípé jẹ́ 100. Wọ́n yọ 50, ó ku 50. Nínú 50 tó kù yẹn ni wọ́n á ti mú 30%, ìyẹn 15. 50 àti 15 jẹ́ 65, wọ́n á sì gbé e lọ sí 70. Ní 2025, dọ́là 175.51 lóṣù ni ẹni tó wà ní 10% gbà, dọ́là 3,831.30 sì ni ẹni tó wà ní 100% tí kò ní ìyàwó tàbí ọmọ gbà. Kò sí owó orí lórí rẹ̀. Láti 30% lọ sókè, wọ́n á fi ti ìyàwó àti ọmọ kún un. Láti 50%, kò ní san owó kankan mọ́ lórí ìtọ́jú tàbí oògùn lọ́dọ̀ VA. Kò sì ní torí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń gbà á ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín láti kọ ìbéèrè àkọ́kọ́. Òfin kò gbà á. Àwọn kan ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn á gbé e dé 100%, kó wá san owó oṣù mélòó kan fún àwọn. Ẹ sá fún wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ológun àtijọ́ bíi DAV, VFW àti American Legion ní àwọn òṣìṣẹ́ tí VA fọwọ́ sí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, fọ́ọ̀mù 21-22 ni ẹ fi ń yàn wọ́n. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ọdún kan gbáko wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbà yẹn ni lọ́yà lè wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa àwọn tó kú, n kò fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Mo mọ ibi tó ti ń wá. Ẹni tó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú àpò òkú tó sì padà wálé máa ń rò pé ohunkóhun tí òun bá gbà, ti òkú ni òun ń gbà. Ẹ bá mi sọ fún un pé kò sí àpò owó kan tí wọ́n ń bù láti inú rẹ̀ tí yóò dín fún ẹlòmíràn. Àwọn opó àtàwọn ọmọ òkú ní tiwọn lọ́tọ̀ nínú òfin. Nígbà tí Ààrẹ Lincoln sọ̀rọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1865, ẹni tó ru ẹrù ogun ló kọ́kọ́ dárúkọ pé kí orílẹ̀-èdè tọ́jú, kó tó kan opó àti ọmọ òrukàn rẹ̀. Kò sì sí ọ̀kan nínú ẹ̀tọ́ wọ̀nyí tó bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní 1932, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ja Ogun Àgbáyé Kìíní lọ pàgọ́ sí Washington nítorí owó tí ìjọba ṣèlérí fún wọn, iléeṣẹ́ ológun tí wọ́n bá jagun ló fi gáàsì lé wọn. Àwọn tó lọ Vietnam fa májèlé tí wọ́n fi ń pa ewéko, irú bíi Agent Orange, símú láàárín 1962 sí 1971. Ọdún 1991 ni òfin tó gbà á gbọ́ tó jáde, ọ̀pọ̀ ti kú. Èéfín Balad wà nínú òfin lónìí nítorí àwọn aláìsàn àtàwọn opó tí wọn kò dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á sì bá a lọ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bí ọkọ yín bá ti forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú, ètò kan wà ní ilé ìwòsàn VA fún ẹni tó ń tọ́jú ológun nílé: ẹ̀kọ́, ìmọ̀ràn, ẹgbẹ́ àwọn tó wà nípò kan náà. Kò béèrè ìdá kankan. Ètò kejì wà tó ń fún olùtọ́jú lówó lóṣooṣù, tó sì ń jẹ́ kó sinmi ó kéré tán 30 ọjọ́ lọ́dún, ṣùgbọ́n 70% ni ológun náà gbọ́dọ̀ ní, kó sì nílò kí ẹnì kan máa tọ́jú rẹ̀ lójúkojú fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò fẹ́ fi ìyẹn dá yín lọ́kàn le lónìí. Ètò àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú.

Ohun kan sì wà tí ẹ̀yin nìkan lè ṣe. Fọ́ọ̀mù 21-10210 fàyè gba ẹni tó ń bá a gbé láti jẹ́rìí. Ẹ má kọ ọ́ bíi dókítà, ẹ má kọ PTSD síbẹ̀ rárá. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí: pé aago méjì òru ló dìde, ó yẹ ilẹ̀kùn iwájú wò, ó yẹ tẹ̀yìn wò, ó padà wá yẹ tiwájú wò, pé ó jókòó sórí àga tó kọjú sí ojú pópó títí ilẹ̀ fi mọ́, pé ọmọ yín kékeré ti mọ̀ pé ìdí ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń jí bàbá, kì í ṣe ibi orí. Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ẹ bá rí i lóru òní, ẹ kọ ti òní.